Àlejò Ìyá Mi

Ọjọ́ tí mo kórìíra jù lọ ní Ọgbà Òwú ni ọjọ́ àlejò. Bí ó bá ti ku ọ̀la, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í gbádùn mọ́. Wọ́n á fọ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jẹ pákò títí eyín wọn á fi máa dán, wọ́n á sì máa to oúnjẹ tí ìyá wọn yóò gbé wá lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ tó ti há sórí. Èmi á yíjú sí ògiri. Inú mi kò rere tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè máa bá ẹlòmíràn yọ̀ sí ọ̀jọ̀jọ̀ tí kò ní kan ẹnu mi.

Ọgbà Òwú ni àwọn ará Abẹ́òkúta ń pe ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn òyìnbó ìjọ tó dá a sílẹ̀ ní orúkọ gígùn kan fún un, tí ahọ́n ènìyàn á ti rẹ̀ kí ó tó pè é tán. Ó wà ní ìhà ibi tí ilẹ̀ ti ń rọra lọ sí odò Ògùn, ògiri amọ̀ yí i ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwa ọ̀dọ́ bí a ti í gbin òwú ní poro, bí a ti í fi ẹ̀rọ yọ kóró rẹ̀, àti bí a ti í tẹ̀ ẹ́ di ìdì gbàǹgbà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé lọ sí Èkó. Láàárọ̀ a ń kàwé, lọ́sàn-án a ń ro oko, nírọ̀lẹ́ a ń kọrin ìyìn. Bí oṣù bá ti parí, wọ́n á ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ará ilé wa, fún àwọn ìjòyè àti fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá wòran, kí gbogbo ìlú lè rí i pé ẹ̀kọ́ ni òyìnbó ń kọ́ni níbẹ̀, kì í ṣe ohun mìíràn.

Ohun mìíràn náà gan-an ni ìyá mi ń rò. Ó ń gbé ní abà wa, tó jìnnà sí ìlú. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ ní ìdájí, ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọ Abẹ́òkúta. Kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ ká, wọ́n kó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wọ́n tà á sọ́kọ̀ òyìnbó, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá mi kú, àbúrò bàbá mi ló fà mí lé àwọn òyìnbó ìjọ lọ́wọ́. Ìyá mi kò sí nílé lọ́jọ́ náà, oko ẹ̀gúsí ló lọ. Ó dé, ó bá àyè mi lófìfo. Wọ́n ṣàlàyé fún un títí pé òyìnbó ìsinyìí yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹsẹ̀ mi tẹ ọgbà wọn. Ẹni tó bá lọ kí ẹrú lọ́jà, òun náà wà lára àwọn tó tà á." Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ àlejò ṣe ń dé tí ó ń lọ, tí ìyá mi kì í wá. Àwọn ará ilé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ìyeyè, wọ́n á tú ẹ̀kọ, wọ́n á ṣí igbá èkuru, ìyá kan á máa fi etí aṣọ nu ojú ọmọ tó ti hu irùngbọ̀n. Bí mo bá kọjá, wọ́n á ní, "Wá jẹun, ọ̀rẹ́ ọmọ wa." Mo á ní mo ti yó. Ìgbéraga ló ń fọhùn, ebi ló ń gbọ́.

Olùkọ́ wa ló kíyè sí i. Ọmọ Sàró ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú nígbà kékeré, tí wọ́n tún ti padà sílé. Ó ní, "Ìwọ tí o kò ní àlejò, ìwọ ni kí o máa yí ẹ̀rọ fún àwọn àlejò." Àánú mi ló ṣe é, ó rò pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí kò ní ráyè ronú. Láti ọjọ́ náà lọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti sọ mí ní Aláìlálejò.

Orúkọ kò wọ́n mi. Àwọn òyìnbó ti fún mi ní ti ìrìbọmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fún mi ní ti ẹ̀fẹ̀. Èyí tí ìyá mi sọ mí nìkan ni kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Nígbà mìíràn, bí ó bá ku èmi nìkan lóko, mo máa ń fi ẹnu ara mi pe ara mi, kí n má baà gbàgbé bí ó ti ń dún. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kí ìyá mi wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé wọn kò tà mí, kí ó sì pè mí lórúkọ.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, ilẹ̀ gbóná ní Ọgbà Òwú. Ẹ mọ àìsàn tí a kì í dárúkọ rẹ̀ lásán. Wọ́n ti ẹnu ọ̀nà, kò sí ọjọ́ àlejò, ọ̀kan nínú wa sì kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tí àwọn òyìnbó rà padà lọ́wọ́ àwọn tó mú un lẹ́rú. Ẹnikẹ́ni kò mọ ìlú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ òbí rẹ̀. A sin ín sẹ́yìn àgọ́ ẹ̀rọ, lẹ́bàá ògiri. Ìròyìn lọ káàkiri oko pé ikú ti wọ ọgbà òyìnbó, ṣùgbọ́n ìròyìn kì í dúró sọ orúkọ ẹni tó kú.

Nígbà tí ara tún yá gbogbo wa, ẹ̀rọ tuntun dé láti ìlú òyìnbó. Irin róbótó méjì ló dùbúlẹ̀ léra wọn. Bí a bá ń yí i, òwú á gba àárín wọn lọ, kóró á ṣubú síwájú wa. Òwú tó jáde níbẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òyìnbó alábòójútó wa fi ní kí olúkúlùkù bu díẹ̀ nínú àkọ́yọ rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sílé kí àwọn ará ilé rẹ̀ rí i. Inú mi dùn. Òwú ríran ni iṣẹ́ ìyá mi. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó bí ó ti ń fi ọ̀pá irin yí kóró jáde lórí òkúta títí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á fi wú. Wọ́n ní òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. Èmi fẹ́ kí ó rí èyí tí ọmọ gbọ̀n.

Mo wá di àrokò fún un. Mo mú owó ẹyọ méjì, mo kọjú wọn síra, mo so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn ń wí: ojú mi ń wá ojú rẹ, wá kí a ríra. Mo pín òwú náà sí méjì, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ. Mo fi ìka yí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ṣù, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, mo sì so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ owó ẹyọ náà. Ó wù mí lójú. Wọn kì í jẹ́ kí a jáde lọ sọ́jà, nítorí náà mo fi lé àgbẹ̀ kan tó wá ta òwú fún wa lọ́wọ́. Mo ní kí ó bá mi fún obìnrin alájàpá ará abà wa tí ń ná ọjà Ìtòkú, kí ó sọ pé láti Ọgbà Òwú ni, fún ìyá mi.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ yìí kò fi tọmọ jẹ́ ẹ, kò sì fi tẹrú jẹ́ ẹ. Bí mo ti rán an gan-an ló ṣe jẹ́ ẹ. Ó ní láti Ọgbà Òwú ni, fún ìyá báyìí báyìí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí a fi àrokò rán kì í sì í bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, alájàpá náà gbà á, ó fi sínú ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ àlejò tó tẹ̀ lé e tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òyìnbó pàtàkì kan wá láti Èkó láti wo ẹ̀rọ tuntun. Àwọn ìjòyè wá tàwọn ti agboòrùn wọn, àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí wá nínú agbádá funfun, àwọn Sàró wá nínú kóòtù dúdú tí òógùn ń bọ́ lábẹ́ rẹ̀ bí òjò. A kọrin tán, olùkọ́ wa wá sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Má dúró o. Bí ẹ̀rọ bá dúró lójú òyìnbó yìí, ìtìjú gbogbo wa ni."

Mo ń yí i. Ìhùùhù òwú ń fò, ó ń bà lé mi lórí, lójú, ní ìpéǹpéjú, títí mo fi funfun láti òkè délẹ̀. N kò lè nu ojú, nítorí ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ẹ̀rọ. Bí mo ti ń ṣẹ́jú ni mo rí àwọn obìnrin mélòó kan tó wọlé. Èyí tó ṣáájú ń gbé èjìká òsì sókè bí ó ti ń rìn, bí ẹni tí nǹkan ń rìn lọ́rùn. Ìyá mi ni.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi bi ara mi ìdí tí irun orí rẹ̀ fi tú, tàbí ìdí tí ó fi wọ aṣọ tó dọ̀tí jáde. Ó gbé aṣọ funfun kan tí wọ́n ká lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo ní ó ti hun aṣọ fún mi. Mo ní àwọn tí ń pè mí ní Aláìlálejò yóò wá orúkọ mìíràn fún mi lónìí.

Ó kúnlẹ̀ níwájú olùkọ́ wa, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nítorí ariwo ẹ̀rọ; olùkọ́ ló tún un sọ fún mi nígbà tó yá, tomi-tomi lójú. Ìyá mi ní, "Ẹ kú ọjọ́ o, baba. Èmi ni ìyá ọmọ yín tó kú. Mo wá wo ibi tí ẹ tẹ́ ẹ sí." Olùkọ́ wa kò mọ̀ ọ́n rí. Òkú kan ṣoṣo ló mọ̀, ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ará, ó sì rò pé Ọlọ́run ló bá a wá ìyá rẹ̀ rí nígbẹ̀yìn. Ó dì í mú lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Kò jìyà púpọ̀ kí ó tó lọ. Ẹ̀yìn àgọ́ ẹ̀rọ lọ́hùn-ún la sin ín sí." Ó sì nawọ́ sí ọ̀dọ̀ mi.

Iwájú mi ni ọ̀nà ibojì náà gbà kọjá. Ìyá mi ń bọ̀, ó gbójú sókè, ó sì rí mi. Mo pariwo, "Ìyá mi!" Òwú kún ẹnu mi. Ó dúró, ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ṣí, tí ó gbé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi, orúkọ tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó gbé aṣọ funfun náà lé orí ìdì òwú kan, ó fa ìborùn bo ojú, ó yí padà, ó sì ń ti àwọn obìnrin yòókù síwájú pé kí wọ́n má wẹ̀yìn.

Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé wọn láàárín àwọn ìjòyè, ìhùùhù òwú ń já bọ́ lára mi. Nígbà tí àwọn obìnrin náà rí i pé mo ń bọ̀, wọ́n ki eré mọ́lẹ̀, ìyá mi sì ń sá pẹ̀lú wọn. Èmi ni ìyá mi ń sá fún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn mi, òyìnbó láti Èkó ń pàtẹ́wọ́. Ó rò pé eré kan ni a ṣe fún òun wò.

Ìbínú ló kọ́kọ́ mú mi, kì í ṣe ìbànújẹ́. Mo ní ojú ló tì í láti pè mí lọ́mọ nítorí ṣòkòtò òyìnbó tí mo wọ̀. Mo ká aṣọ funfun náà sábẹ́ ẹní mi, mo sì sọ fún ara mi pé n kò ní ìyá mọ́. Mo sọ ọ́ lemọ́lemọ́. Ẹni tó bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ kì í sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ẹnì kan ń wá mi lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin alájàpá abà wa ni. Ó kẹ̀yìn sí mi. Bí mo bá yí sí apá ibí, òun á yí sí apá ọ̀hún, kí ojú rẹ̀ má baà kàn mí.

Mo ní, "Ẹ kú àtijọ́, ìyá. Kí ló dé tí ẹ kò wò mí?"

"Má bínú. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe kẹ̀yìn. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o fọkàn balẹ̀. Kò ní pè ọ́ lórúkọ, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́."

"Kí ni mo ṣe fún un?"

"O kò ṣe nǹkan. Ikú ló ṣe é. Èmi ni mo gbé àrokò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òwú ṣíṣù méjì, funfun báláú, kò ní kóró kankan. Ta ni kò mọ ihò imú tí wọ́n ń fi irú òwú bẹ́ẹ̀ dí? Owó ẹyọ sì kọjú síra, ìyẹn ni pé kí ìyá wá fojú kan ọmọ nígbẹ̀yìn. Nílẹ̀ níbẹ̀ ni ìyá rẹ ti tú irun rẹ̀."

Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo di àrokò náà! Ẹ̀rọ ló yọ kóró òwú ọ̀hún. Èmi kọ́ ni mo kú, ẹlòmíràn ni. Mo wà láàyè."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, pẹ̀lú ohùn tí a fi ń tu ọmọ nínú. "Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. Àwọn tó ń pè ní "gbogbo wọn" ni àkúdàáyà. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa wọn: àwọn tó kú kí ọjọ́ wọn tó pé, tí wọ́n wá lọ jókòó sí ibòmíràn tí a kò ti mọ̀ wọ́n, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń jẹun. Bí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá rí wọn, tí ó sì pè wọ́n lórúkọ, ó parí nìyẹn. Wọ́n á pòórá, a kò ní rí wọn mọ́. Olùkọ́ ti fi ibojì han ìyá mi, lẹ́yìn èyí ló rí mi, mo funfun bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn, nínú ọgbà òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Àṣé kì í ṣe pé ó kọ̀ mí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà lọ ni.

Olùkọ́ wa gba àyè fún mi, òun fúnra rẹ̀ sì sìn mí dé abà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Ìyá mi rí wa lókèèrè. Kò sá lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹ́ ẹní tó dára jù nílé rẹ̀, ó gbé omi tútù wá, ó kúnlẹ̀ níwájú wa méjèèjì, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò." Ó yíjú sí mi, ó tún ní, "Ẹ kú ìrìn." Èmi tí ó bí! Ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dàgbà jù ú lọ. Ẹni tó bá ti dé ọ̀run kí ó tó padà, àgbà ni lóòótọ́.

Mo jẹun níwájú rẹ̀. Àkúdàáyà ń jẹun. Mo ní n óò gbéyàwó, n óò bímọ; ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Mo fi ọ̀bẹ ya ìka mi, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ara yín léṣe," ó sì fi ewé dì í fún mi. N kò rí ohun tí alààyè ń ṣe tí wọ́n sọ pé àkúdàáyà kì í ṣe. Olùkọ́ wa wá mú ìwé rẹ̀ jáde, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run là á lọ́yẹ̀. Bí yóò ti rí, ibi tí òkú ti jí dìde kúrò nínú ibojì ló ṣí. Ìyá mi fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, baba. Mo gbà á gbọ́. Ṣebí ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn." Olùkọ́ wa pa ìwé dé.

Mo bínú. Mo ní, "Ìyá, ẹ pè mí lórúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó sì rí i pé n kò ní lọ síbì kankan!"

Ó ní, "N kò lọ wo ọmọ mi nígbà tó wà láàyè, ẹnu yìí ni mo fi kọ̀. N kò ní fi ẹnu kan náà lé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí n máa rí yín báyìí, ó tó mi."

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti olùkọ́ wa padà sí Ọgbà Òwú.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ìró kàn pé àwọn ará Dàhòmì tún ń bọ̀. Gbogbo abà tú, àwọn ará oko sá wọ inú odi ìlú, oníkálukú sì dúró síbi tó bá ti ríbi dúró. Àwọn ará abà wa fọ́n ká. Alájàpá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, n kò tún rí i mọ́. Ìyá mi rí yàrá kan ní agbo ilé kan ní Ìjẹmọ̀, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó ń ranwú fún wọn. Èmi ti kẹ́kọ̀ọ́ tán nígbà náà, mo ti di ẹni tí ń kọ́ àwọn mìíràn ní ìdí ẹ̀rọ. Bí ọjọ́ àlejò bá dé, mo á fi ẹlòmíràn sídìí rẹ̀, èmi á sì lọ ṣe àlejò ní Ìjẹmọ̀.

Bí mo bá ti yọ, ìyá mi á ké sí àwọn obìnrin agbo ilé pé, "Àlejò mi dé o!" Kò sọ fún wọn pé ọmọ òun ni mí. Nítorí bàtà ẹsẹ̀ mi, wọ́n rò pé Sàró kan ni mí, tó fẹ́ fi ọgbọ́n fa arúgbó náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì máa ń wò mí láwòfín. Ìyá mi á din ọ̀jọ̀jọ̀, á gbé e síwájú mi, á jókòó sí ọ̀kánkán, á máa wò mí bí mo ti ń jẹ ẹ́. A máa ń sọ̀rọ̀ òjò, a máa ń sọ̀rọ̀ òwú. Bí mo bá fẹ́ lọ, á sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ẹ óò tún padà, àbí?" Mo á ní n óò padà. Ìgbà tí mo bá dé ibi tí kò ti lè rí mi mọ́ ni mo tó ń sunkún. Ìyá mi fẹ́ràn mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìgbà tí mo dá wà tó ìgbà tí mo bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Ìjẹmọ̀ sáré wá sí Ọgbà Òwú. Ó ní, "Àlejò, ẹ máa bọ̀, ara ìyá kò le." Mo sáré, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, òkè pọ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti tẹ́ ẹ, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Wọ́n ní kí n bá wọn wá òwú díẹ̀. Òwú ni iṣẹ́ mi. Ó wà lára aṣọ mi nígbà náà gan-an. Mo fi ìka yí i ní méjì, mo sì fún wọn. Mo rán ni lọ gbé aṣọ funfun tó ti wà lábẹ́ ẹní mi láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n sì fi wé e.

Obìnrin tó wá pè mí sún mọ́ mi. Ó ní, "Àlejò, ó ku nǹkan kan tó ń dà wá láàmú. Kí ẹ̀mí tó bọ́ lára ìyá, ó ń pe orúkọ kan. Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ó ní òun lè pè é wàyí, òun náà ti ń lọ. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. A wá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri gbogbo agbo ilé, a kò rí i. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ó pe orúkọ náà fún mi.

Mo ní, "Èmi rèé."